Kí O Tó Dá Ọjọ́ fún Iṣẹ́ Géèmù Yẹn

Ayétòrò,
Ọjọ́ Sátidé.

Mobọ́lájí, Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ, ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lórí mi tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo pè ọ́ ní ọ̀lẹ níwájú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ òótọ́ lo sọ. Mo mọ̀ pé o kò gbàgbé. Èmi náà kò gbàgbé, mo kàn ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ilé ẹ̀kọ́ wa ń múra àjọ̀dún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mo sì ti ṣèlérí fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé àwòrán ilẹ̀ Yewa ńlá kan yóò wà lára ògiri gbọ̀ngàn kí wọ́n tó dé: odò, ọ̀nà, ìlú, títí dé ẹnubodè. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo dá. N kò wọn ògiri, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí, mo rò pé ẹni tó mọ orúkọ odò ti mọ bí wọ́n ṣe ń kùn ún. Ìwọ lo mọ àwòrán yà jù nínú ilé wa, ni mo bá ní kí wọ́n pè ọ́ wá sí ọ́fíìsì àwọn olùkọ́.

"Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà ọ́?"

O jáde, o lọ fi apá wọn ògiri láti igun dé igun, o padà wá, o ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí àwọn olùkọ́ yòókù. "Ẹ gbọ́ ọmọ mi o! Ọ̀lẹ ní í máa ka ọjọ́. Ṣé ògiri lo fẹ́ kùn ni, àbí o fẹ́ bá a dàgbà?" Àwọn náà rẹ́rìn-ín. O wolẹ̀. Lẹ́yìn náà lo wá sọ ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí títí di òní: "Ẹ má bínú, sà. Ọ̀sẹ̀ kan tó."

Kò tó. O kun ọ̀dà lé orí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, torí kò sí àyè kó gbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ àjọ̀dún fi máa mọ́, odò Yewa ti kúrò ní ipa rẹ̀, ó ti gba orí Ìlaròó kọjá, ó ń kán tó, tó, tó sílẹ̀ gbọ̀ngàn. Àlejò kan ní, "Ṣé àwòrán ilẹ̀ lèyí ni, àbí ti àkúnya omi?" Nígbà tí ọ̀gá bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní, "Ẹ má dá a lóhùn, sà, ọmọdé ni, kò farabalẹ̀." O dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò sọ pé èmi ni mo gé ọjọ́ rẹ. Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ sí ayàwòrán kan láti wá tún ògiri náà ṣe, ìwọ ní tìrẹ, ọdún méjì gbáko lo kò fi mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a máa wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a máa wo ẹ̀yìn. Ohun tó jẹ́ kí n bojú wẹ̀yìn báyìí ni ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ nígbà tí o wálé fún Àjíǹde.

O sọ fún wa pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí ètò iṣẹ́ níbi tí ẹ ti ń ṣe géèmù, pé ènìyàn méjìlá ni yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ, àti pé ìwọ ni yóò máa sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Màmá rẹ jó yí àga rẹ ká. Ní tèmi, ìbéèrè ló kún inú mi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ti ń rò ni pé ẹnì kan ṣoṣo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ méjì, géèmù a sì jáde. O wá ṣí èyí tí ẹ ń ṣe hàn mí: ọmọbìnrin kan lórí ọ̀kadà, tó ń gbé lẹ́tà láti ìlú dé ìlú, lórí ọ̀nà eléruku pupa bíi tiwa.

"Ta ló ya ewé?"

"Ẹnì kan wà fún ewé, Bàbá."

"Eruku ńkọ́?"

"Ẹlòmíì ló ni eruku."

"Ìró ọ̀kadà yẹn ńkọ́? Ó jọ ti òótọ́."

"Ti òótọ́ ni. Ó ku ti ọkọ̀ akẹ́rù. Mo fẹ́ lọ gbà á sílẹ̀ ní Ìbèsè lọ́la."

"Bí ọmọbìnrin yìí bá wá lọ kọlu igi?"

O rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìyẹn nìkan gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, inú igi ló ń gbà kọjá bí iwin."

Màmá rẹ wá gbé àwo lé orí tábìlì. "Bàbá Bọ́lájí, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun. Ẹ ti di ọlọ́pàá ẹnubodè!"

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nítorí igi! Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Mo máa ń wo igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa báyìí, mo sì ń bi ara mi pé kí ló dé tí n kì í fi í gba inú rẹ̀ kọjá, ta ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mélòó ló sì gbà á.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, bí a ṣe ń ti Ìbèsè bọ̀, tí eruku àwọn ọkọ̀ ńláńlá yẹn ṣì wà nínú irun mi, ọ̀gá rẹ pè ọ́ lórí fóònù. Mo gbọ́ tí o ní, "Kò sí wàhálà, sà. Oṣù mẹ́sàn-án tó." Bẹ́ẹ̀, ní alẹ́ àná rẹ̀ lo ṣàlàyé fún mi pé ìwọ àti àwọn ènìyàn rẹ ti jókòó ṣírò iṣẹ́ náà, oṣù mẹ́rìnlá ló sì bọ́ sí. Mo bi ọ́ pé kí ló dé.

"Wọn ò fẹ́ gbọ́ mẹ́rìnlá, Bàbá. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ipò yẹn ju agbára mi lọ."

O ní nígbà tí oṣù yìí bá parí lo máa fi ìwé ètò náà lé wọn lọ́wọ́, pé oṣù mẹ́sàn-án lo sì máa kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohùn tí o fi sọ "oṣù mẹ́sàn-án tó" yẹn. Ohùn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń wolẹ̀ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé yìí, kó lè bá ọ kí oṣù tó parí.

N kò mọ géèmù ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti dá ọjọ́ èké rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n ó sì sọ díẹ̀ fún ọ nínú ohun tí ojú mi rí.

Àkọ́kọ́: má dá ọjọ́ fún ilẹ̀ tí o kò tíì fi ọkọ́ kàn. Kí a tó bí ọ, nígbà tí mo ń ṣe olùkọ́ ní Jóga-Orílé, àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àyìndé fún mi ní ilẹ̀ kí n fi gbin iṣu. Mo sọ fún un pé igba ebè lọ́nà mẹ́wàá ni mo fẹ́ kọ.

"Ọjọ́ mélòó lo máa fi kọ ọ́, Tíṣà?"

"Ọjọ́ mẹ́wàá, sà. Mo gbọ́ pé àgbẹ̀ tó gbọ́ṣẹ́ a máa kọ igba ebè lójúmọ́."

"Òótọ́ ni. Ṣé ìwọ ni àgbẹ̀ tó gbọ́ṣẹ́ náà?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o ti wọ inú ilẹ̀ náà?"

"Mo wò ó láti ojú ọ̀nà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgbáròkó mú. "Koríko ẹ̀kan kì í hù sójú ọ̀nà, Tíṣà. Lọ gbé ọkọ́. Kọ ebè títí oòrùn yóò fi dé àtàrí. Kà á. Kí o wá padà wá sọ ọjọ́ fún mi."

Mo lọ. Abẹ́ ilẹ̀ náà kún fún gbòǹgbò ẹ̀kan, ó lọ́ mọ́ra bí irun tí a kò yà. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ebè mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo rí kà, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ti bó. Mo padà dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àyìndé, kò tiẹ̀ bi mí ní iye rẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ẹn-ẹ́n. Báyìí, a lè jọ sọ̀rọ̀."

Àjọkẹ́, bí mo bá gbọ́ ọ yé, ọ̀nà mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin ọlọ́kadà yẹn yóò gbà. Ǹjẹ́ ẹ ti ṣe ọ̀kan péré parí pátápátá, pẹ̀lú ewé rẹ̀, eruku rẹ̀, ìró rẹ̀, àti igi tó ṣeé kọlù? Kì í ṣe èyí tó jọ pé ó parí o, èyí tí ènìyàn lè gbà lọ kó sì gbà bọ̀. Bí ẹ bá ti ṣe é, ka ọjọ́ tí ó gbà yín gan-an, má ka ọjọ́ tí ẹ rò pé ó yẹ kó gbà. Ìyẹn ni ebè mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tìrẹ. Ó lè dójú tì ọ́, ṣùgbọ́n òun ni yóò jẹ́ kí o lè sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló tún burú jù. Dípò kí n dín ebè kù, mo bẹ ọ̀wẹ̀. Olùkọ́ mẹ́rìnlá ni mo kó wọ oko, gbogbo wa wọ ṣòkòtò tó mọ́ tónítóní. Mo ti ṣe ìṣirò pé bí ẹnì kan bá kọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò kọ ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iṣẹ́ ìṣirò náà tọ̀nà, ìwọ náà ṣe é wò. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ nínú wọn kò mọ bí a ṣe ń di ọkọ́ mú. Bàbá Àyìndé, ẹni tí òun nìkan ìbá ti kọ igba kan, fi gbogbo ọjọ́ náà lọ láti ẹnì kan dé ẹnì kejì. "Ẹ̀yin tíṣà, ebè lẹ ń kọ ni àbí sàréè? Ẹ kó o jọ sókè! Òkè!" A se oúnjẹ fún ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sì sinmi lẹ́yìn oúnjẹ bí olùkọ́ ṣe ń sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti bàbá náà ni a lọ tún èyí tó pọ̀ jù nínú ebè wọn kọ.

Ọ̀wẹ̀ dára fún ẹni tó tètè bẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀gá rẹ bá sọ nígbà tí iṣẹ́ ti ń pẹ́ pé òun yóò fi ènìyàn mẹ́fà kún yín, bi í pé ta ni yóò fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti kọ́ wọn. Ó dá mi lójú pé nínú yín náà, Bàbá Àyìndé wà, ẹni tó mọ gbogbo gbòǹgbò iṣẹ́ náà. Má jẹ́ kí wọ́n sọ òun di ẹni tó ń kọ́ tíṣà ní ọkọ́ dídì mú.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọjọ́ ọjà. Nígbà tí mo di igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, èmi ni mo ń ṣe táìmù-tébù. Mo máa ń fi rúlà fa ìlà rẹ̀, mo máa ń fi gègé aláwọ̀ mẹ́ta kọ ọ́, inú mi a sì máa dùn sí i bí ẹni tó kọ́ ilé. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, ẹ̀kọ́ kì í parí lásìkò. Kíláàsì á kàn ṣófo, lónìí ní ọjọ́ Ajé, ní ọ̀sẹ̀ kejì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ń bínú, mo ń pe àwọn olùkọ́ ní aláìṣòótọ́, títí obìnrin kan nínú wọn fi dúró níwájú mi. "Sà, ọjọ́ méje lẹ fi ṣe ètò yín. Ọjà wa, ọrọọrún ni. Ọjọ́ ọjà ń rìn nínú ọ̀sẹ̀ yín, ẹ ò rí i ni." Àṣé ìdajì ìlú ló ń bá ọjọ́ mìíràn rìn, àwọn òbí, àwọn ọmọ, àti àwọn olùkọ́ pẹ̀lú, èmi nìkan ni mo jókòó ti kàlẹ́ńdà ara ògiri.

Mo fẹ́ kí o wá ọjọ́ ọjà inú iṣẹ́ rẹ. Mo rántí pé o sọ fún mi pé nínú ọjọ́ márùn-ún, bóyá mẹ́ta ni ẹni tó ń kọ kóòdù fi ń kọ ọ́ ní tòótọ́. Ìpàdé ló ń jẹ ọ̀kan, àtúnṣe ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń jẹ èkejì. Ẹ ń pe àwọn àṣìṣe yẹn ní kòkòrò, ìyẹn sì pa mí lẹ́rìn-ín. Ǹjẹ́ o ka ọjọ́ pípa kòkòrò mọ́ oṣù mẹ́rìnlá yẹn? Ọjọ́ tí iná kò sí ńkọ́? Ọjọ́ tí ara ẹnì kan kò yá? Nínú oko, ẹni tó bá gbin iṣu láìka ọjọ́ òjò kò tíì ka nǹkan kan. Bí o kò bá tíì kà wọ́n, a jẹ́ pé oṣù mẹ́rìnlá pàápàá kéré. Kọ èsì èyí sí mi, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Mo lè máa bá a lọ báyìí títí ìwé yóò fi tán, torí arúgbó tó rí etí kì í tètè dákẹ́. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwé ètò tí o fẹ́ fi ránṣẹ́.

Má gbé oṣù mẹ́rìnlá nìkan lọ bá wọn bí ẹni gbé òkúta lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí oṣù mẹ́sàn-án bá ni wọ́n ní, sọ fún wọn iye ọ̀nà tí oṣù mẹ́sàn-án lè gbà; bóyá mẹ́rin ni, bóyá márùn-ún, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀nà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá ni wọ́n fẹ́, sọ iye oṣù rẹ̀. Jẹ́ kí àwọn fúnra wọn mú ọ̀kan. Ibi tí o kò bá sì tíì mọ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kò tíì mọ̀, kí o kọ ọjọ́ tí o máa mọ̀ ọ́n. O lè sọ pé láti oṣù méjìlá dé mẹ́rìndínlógún, kí o sì máa dín àlàfo yẹn kù bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe ń parí. Wọ́n lè bínú. Wọ́n tilẹ̀ lè sọ pé ipò náà ju agbára rẹ lọ, n kò ní parọ́ fún ọ pé wọn kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ bínú, ìbínú òní sàn ju ti oṣù kẹsàn-án lọ, nígbà tí odò bá ti ń ṣàn kọjá lórí ìlú.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí o dì mú jù. A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ẹni tí yóò ya ewé ni kí o bi ní ọjọ́ ewé. Bí ó bá sì sọ iye tó ya ọ́ lẹ́nu, má rẹ́rìn-ín, má sì wo ojú àwọn tó wà nínú yàrá. Bi í pé, "Kí lo rí níbẹ̀?" Kí o dákẹ́, kí o gbọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni. Bí mo bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ò bá sọ fún mi pé ọ̀dà kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó kun òmíràn lé e. Mo ti ń ṣe olùkọ́ tipẹ́tipẹ́ nígbà náà, kò sì wá sí mi lẹ́nu.

Ó ku ohun kan tí n kò sọ fún ọ, òun ló sì wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ayàwòrán tí wọ́n pè wá tún ògiri náà ṣe, Sùnmọ́nù ni orúkọ rẹ̀, ará Ìlaròó ni. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ni ọmọ náà kọ́kọ́ sọ. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó mi orí. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló lò, àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó parí, ó fi bébà kan tí ó ká ní ìdá mẹ́rin lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fún ọ. Mo kà á nínú ọ́fíìsì, ojú tì mí, mo fi sáàárín ìwé máàpù mi. Mo ní n ó fún ọ lọ́la. Láti ìgbà náà, lọ́la kò tíì dé. Tìrẹ ni, mo sì fi tìrẹ pa mọ́. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Mo ti fi í sínú àpòòwé yìí pẹ̀lú lẹ́tà mi. Mo da ohun tó wà níbẹ̀ kọ síhìn-ín, torí pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, ó sì ti ń parẹ́:

"Sí ọmọ tó kọ́kọ́ ya ògiri. Mo ha ọ̀dà rẹ kúrò, mo rí ìlà pẹ́ńsù rẹ lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gún, òun náà ni mo tẹ̀ lé. Ọjọ́ tí o dá tọ̀nà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e mọ́ ọ lọ́wọ́. Sùnmọ́nù."

Èmi ni,
Bàbá rẹ.